Láti Orí Wàláà dé Ojú Ẹ̀rọ: Ilé-Kéú ní Agbègbè Odò Ọ̀tìn

Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Ìgbàyè, lè jókòó nínú yàrá lónìí kí ó máa ka Fátíà sí etí olùkọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Íjíbítì tàbí Pakistan. Ẹ̀rọ ayélujára ni ó ń gbé ohùn àwọn méjèèjì. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, a ó pa ẹ̀rọ, ọmọ a sì lọ jẹun. Kéú ni ọmọ yìí ń ké, kò sí ẹni tí ó lè jiyàn èyí. Ohun tí ó fa ìjíròrò ni pé ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìgbàyè, tí òun náà ké kéú nígbà èwe, kò lè mọ ohun tí olùkọ́ ń sọ fún ọmọ-ọmọ òun, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé. Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipa ìtàn ilé-kéú láti ẹ̀yìn wá, a ó rí i pé irinṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sí èyí tí ó pa á nínú wọn. Ìbéèrè tí ó ṣe kókó ni ti èdè, àti ti ẹni tí ọmọ jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó níwájú àlùfáà.

Ìkìrun, Ìníṣà, Òkukù àti Ìgbàyè wà ní ìhà àríwá Òṣogbo, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ipò tí wọ́n wà yìí ni ó sọ wọ́n di ibi tí ogun àti ẹ̀kọ́ ń gbà kọjá. Ṣáájú kí ogun tó dé rárá ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ ilẹ̀ Yorùbá, èdè wa sì ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé orúkọ ilẹ̀ Málì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìmàle. Àwọn onímọ̀ èdè sì ti fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn Songhai, ní etí odò Ọya lọ́hùn-ún, ni a ti yá àlùfáà àti tìrà. Ọ̀dọ̀ Haúsá ni àdúrà àti tàdáwà gbà wá. Ẹni tí ó bá ti ń sọ Yorùbá, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí oníṣẹ̀ṣe, tí ó bá ní kí á ṣe sùúrù, pé àlàáfíà ni ó jù, pé wákàtí kan kù, ọ̀rọ̀ tí ó ti èdè Lárúbáwá ṣẹ̀ ni ó ń sọ. Àwọn àlùfáà àti àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń bá wọn rìn ni wọ́n kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé, ilé-kéú sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ọmọ ti kọ́ wọn mọ́ ẹnu.

Ogun wá dé. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ogun Ìlọrin ní Òṣogbo. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìlọrin pẹ̀lú àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá tún kò wọ́n lójú nítòsí Ìkìrun. Ìbàdàn ni ó tún borí. Àwọn tí wọ́n ń sá já lu omi Ọ̀tìn, èyí ni a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, Ìkìrun ni wọ́n sì fara pamọ́ sí títí di ọdún 1893 tí ogun Kírìjì parí. Ènìyàn lè rò pé irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò mú kí wọ́n kórìíra ohunkóhun tí ó bá ti Ìlọrin wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni Mómódù Látòósà, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jẹ́ olórí Ìbàdàn nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìlọrin tí ó ń bá jà ti jẹ́ Mùsùlùmí. Nígbà tí àlàáfíà dé, ọ̀nà tí ogun ti ń gbà ni ẹ̀kọ́ ń gbà. Ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ibi tí àgbà ti ń fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ìbẹ̀rù kò tún jìnnà mọ́. Ọmọ tí ó bá tayọ ní ilé-kéú kékeré lè lọ jókòó ti àwọn àgbà onímọ̀ ní Ìlọrin.

Kí ni ọmọ ń bá pàdé ní ilé-kéú kékeré náà? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àlùfáà ni, tàbí abẹ́ igi iwájú ilé. Ẹní tàbí awọ ẹran ni ìjókòó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wàláà tirẹ̀, pákó pẹlẹbẹ tí a gbẹ́ dán, tí a fi gègé igi kọ ìwé sí. Èéfín ara ìkòkò wà nínú ohun tí a fi ń po tàdáwà. Àlùfáà a kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sí orí wàláà, ọmọ a máa kà á títí yóò fi mọ́ ọn lórí, lẹ́yìn náà a ó fọ̀ ọ́ nù, a ó kọ òmíràn. Àwọn kan a máa mu omi tí a fi fọ̀ ọ́, nítorí ìbùkún ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn Fátíà, súrà kúkúrú tí ó wà ní ìparí Àlùkùránì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gòkè bọ̀ sí àwọn tí ó gùn, nínú súrà mẹ́rìnléláàádọ́fà.

Ariwo ni ẹni tí ń kọjá lọ máa ń gbọ́, ṣùgbọ́n ètò wà nínú ariwo náà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a máa gbe ohùn ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n a máa tún ti àbúrò ṣe, àlùfáà a sì máa fi etí kan gbọ́ gbogbo wọn. Ẹni tí ó ṣì í kà, etí àlùfáà yóò mú un láàárín ogún ohùn, pàṣán kò sì jìnnà sí i. (A kò gbọdọ̀ bo èyí mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sá fún ilé-kéú nítorí pàṣán, àwọn òbí mìíràn sì ti gba ti ẹ̀rọ lónìí nítorí rẹ̀.) Kò sí owó ìwé tí a gé kalẹ̀. Owó Àlàrùbá wà, owó kékeré tí ọmọ ń mú wá ní ọjọ́rú kí ìsinmi Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Sàárà wà, iṣẹ́ oko àlùfáà sì wà fún àwọn tí wọ́n ti dàgbà. Bí ọmọ bá dé ibi tí ó yẹ, a ó ṣe wòlímọ̀ fún un. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò kà á ní gbangba, ìdílé yóò sì se oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kì í lọ ilé ọkọ láìṣe wòlímọ̀. Kì í ṣe ìdánwò láàárín ọmọ àti olùkọ́ nìkan ni wòlímọ̀. Gbogbo àdúgbò ni ó gbọ́ tí ọmọ wọn kà.

Ìwé kíkà ti àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mi ilé-kéú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ń fúnni ní iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó tún ń fúnni ní orúkọ tuntun àti ẹ̀sìn tuntun, nítorí náà ni àwọn Mùsùlùmí fi ń fà sẹ́yìn. Ní Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923 kí ọmọ lè rí méjèèjì gbà pọ̀, ẹgbẹ́ náà sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, òwúrọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àlùfáà. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni ó kù fún un. Ọmọ a ti ilé-ìwé dé, yóò jẹun, yóò sì gbé tìrà, pẹ̀lú oorun lójú. Ní ọdún 1955 kan náà ni Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori gbé Markaz, tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, lọ sí Agége. Ó gbé àga, pátákó ìkọ̀wé, kíláàsì àti ìwé ẹ̀rí wọ inú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Àwọn kan bínú sí i pé ó ń sọ kéú di ilé-ìwé. Àwọn tí ó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó wá kún ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìbínú náà sì rọlẹ̀.

Ìjìnnà ọmọ sí ìlú náà kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè yìí, pàápàá ará Ìníṣà, ni ó lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Gáńà, tí wọ́n sì bí ọmọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáńà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá òbí wọn padà wálé kò mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àlùfáà kankan nílé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé ní ọ̀hún, nítorí náà ibi tí wọ́n bá a dé ni wọ́n ti ń bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí, irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí padà kíákíá. Al-Husary, ará Íjíbítì, ka Àlùkùránì tán sí inú ẹ̀rọ ní ọdún 1961, kásẹ́ẹ̀tì irú rẹ̀ sì dé ọjà wa. Ní 1973, Àlùkùránì tí àwọn Mùsùlùmí túmọ̀ sí èdè Yorùbá jáde. Ó yani lẹ́nu pé àlùfáà ìjọ Kírísítì kan, M. S. Cole, ti ṣe irú iṣẹ́ náà ní 1906! Ẹ̀rọ alágbèéká wọ Nàìjíríà ní 2001. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé, ilé-kéú àti mọ́ṣáláṣí pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn àlùfáà tí kò tíì fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ lórí WhatsApp àti Zoom.

Ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ ní àǹfààní tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo ni olùkọ́ ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì lè fi ariwo àwọn yòókù bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò lè gba àgbékà. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, nítorí náà bí ọmọ mẹ́wàá bá kà á pọ̀, yóò dàrú. Etí tí àbúrò fi ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ilé wa níhìn-ín, iná a máa lọ, dátà a sì máa tán ní àárín súrà.

Ọ̀rọ̀ kíkà gan-an tún wà. Kíkà ti Warsh ni àwọn àlùfáà wa jogún. Èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ orí ẹ̀rọ ń kọ́ni ni ti Hafs, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Kairo ní 1924 tí ó sì gba ayé kan. Nínú Fátíà, níbi tí a ti pe Ọlọ́run ní ọba ọjọ́ ẹ̀san, Warsh a máa ka máliki ní kúkúrú, Hafs a fa ìró àkọ́kọ́ rẹ̀ gùn. Ẹsẹ̀ kẹta ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ti Warsh, ẹsẹ̀ kẹrin lọ́dọ̀ àwọn ti Hafs. Nínú ìkọ̀wé àtijọ́ tiwa, tóótó kan lókè ni ó ń fi lẹ́tà qaf hàn, ti fa sì wà nísàlẹ̀. Nínú ìwé ti Kairo, tóótó kan lókè ni fa. Ọmọ tí ó kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ, tí ó bá wálé ní ọdún iléyá, tí ó sì gbé wàláà bàbá àgbà rẹ̀, yóò pe lẹ́tà kan ní òmíràn. Àwọn àgbà yóò ní ó ṣì í kà. Òun yóò ní àwọn ni ó ṣì í. Kò sí ẹni tí ó ṣì í nínú wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò là á yé wọn? Ọmọ Íjíbítì sì ni Warsh fúnra rẹ̀, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 812. Àwọn kan ń pe kíkà rẹ̀ ní ti ará oko lónìí, àìmọ̀ ni.

Èyí tí ó burú jù ni ti ìtumọ̀. Àlùfáà Ìkìrun kì í ka ẹsẹ̀ kan kí ó dákẹ́. Yóò fi Yorùbá tú u, yóò fi òwe gbè é, yóò fi ìwà aládùúgbò tí gbogbo wọn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ láì dárúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí a ń pè ní ànjẹ́mì. Nínú ìtumọ̀ báyìí ni sùúrù àti àlàáfíà ti di Yorùbá. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè náà kò lè ṣe é, a kò sì lè bínú sí i. Àwọn òbí ni ó yẹ kí á bi léèrè. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní pípe ohùn dáadáa, wọ́n sì rí i. Wọn kò ránti wá ẹni tí yóò sọ ohun tí ó pè di tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kan náà lè gbé ohùn àlùfáà Ìníṣà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn díẹ̀ ti ń ṣe é. Àwọn àlùfáà kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí, ń kọ́ ọmọ Yorùbá tí ń bẹ lókè òkun láti ilé wọn níhìn-ín, oṣooṣù ni wọ́n sì ń gba owó wọn dípò owó Àlàrùbá. Owó náà ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti àwọn òyìnbó, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Houston, tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti òde wọlé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù ní Ìkìrun. Àlùfáà yóò tan fìtílà, yóò gbé fóònù ró ti tìrà, yóò sì dúró kí ojú ọmọ náà yọ.