George Nakashima: Ayàwòrán Ilé Nídìí Iṣẹ́ Káfíńtà

Bí a bá dárúkọ George Nakashima, tábìlì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn: pákó gbọọrọ tí kò gé etí rẹ̀ tọ́, tó ṣì rí bó ṣe wà lára igi. Wọ́n á ní olólùfẹ́ igi ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kù síbì kan. Iṣẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń mú ilé dúró ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlú Spokane ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1905, Japan sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní Yunifásítì Washington àti MIT, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Antonin Raymond ní Tokyo, ó sì mójú tó kíkọ́ Golconde, ilé oníkọnkéré kan ní Pondicherry, ní Íńdíà.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú kó túbọ̀ jinlẹ̀ nídìí igi. Lọ́dún 1942, ìjọba Amẹ́ríkà kó òun, Marion aya rẹ̀ àti Mira ọmọ wọn tó ṣì jẹ́ ìkókó lọ sí àgọ́ Minidoka ní Idaho, nítorí pé ìran Japan ni wọ́n. Ìwà ìkà gbáà ni. Níbẹ̀ ni Gentaro Hikogawa, àgbà káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ ní Japan, ti kọ́ ọ ní lílo ayùn àti ìfági tí a máa ń fà sọ́dọ̀ ara ẹni dípò kí a tì í. Àṣẹ́kù pákó ni wọ́n ń lò. Raymond ló dúró fún wọn lọ́dún 1943, tí wọ́n fi kó lọ sí New Hope ní Pennsylvania.

Ẹ wo bó ṣe ń tọ́jú pákó tó bá là. Kì í gé ibẹ̀ sọnù. Á gé igi líle ní ìrí labalábá, á gbẹ́ ojú ihò tó bá a mu sí ìdábùú ibi tó là, á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nítorí pé ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, tí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀, ibi tó là kò ní lè ṣí sí i. Olùrajà á pè é ní ọ̀ṣọ́, ìdè ni.

Àga Conoid tó ṣe lọ́dún 1960 tún fi hàn pé ó mọ ohun tó ń mú nǹkan dúró. Ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, orí igi gbọọrọ tó tẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n dúró lé, ibi ìjókòó sì yọ síwájú láìsí ohun tó gbé e nísàlẹ̀. Àwọn kan ní kò lè gbé ènìyàn. Ó gbé wọn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí òrùlé kọnkéré rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó sì tẹ̀ kọrọdọ, ló fún àga náà lórúkọ.

Nígbà tó kú lọ́dún 1990, àwọn oníbàárà kan fagi lé iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá, wọ́n rò pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Mira, tí òun náà kọ́ nípa yíya àwòrán ilé, kò ti ilẹ̀kùn: àwòrán baba rẹ̀ wà níbẹ̀, pákó tí baba náà ti kó jọ wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ tó kọ́ sì wà nídìí iṣẹ́.