Bíà Kì í Ṣe Oríṣi Kan

Ọmọ tí kò bá tí ì dé oko bàbá ẹlòmíràn a máa wí pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíà rí láàrin wa. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọtí tútù inú ìgò, tí ó mọ́ gaara, tí ó sì ń hó. Ṣùgbọ́n ọmọ kan péré ni èyí nínú agbo ilé ńlá, àwọn ìyá wa kì í sì í ṣe àlejò nínú agbo ilé náà.

Kí ni à ń pè ní bíà? Ọtí tí a fi ọkà pọn ni. Òyìnbó a rẹ ọkà bálì sínú omi títí yóò fi hù, a mú un gbẹ, a lọ̀ ọ́, a sè é, a sì fi ìwúkàrà sí i kí ó lè kan. Ẹni tí ó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà a rẹ àgbàdo títí yóò fi hù, a sá a sí oòrùn, a lọ̀ ọ́, a sè é, a sẹ́ ẹ, a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Bákan náà ni a ń fi ọkà bàbà ṣe ọtí ọkà. Híhù yìí ni ó ń mú kí inú hóró ọkà di adùn. Adùn náà ni ìwúkàrà ń sọ di ọtí. Nítorí náà, ẹmu kì í ṣe bíà, nítorí omi ọ̀pẹ ni. Ṣùgbọ́n bíà gidi ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Bíà inú ìgò tí a mọ̀ jùlọ kò tilẹ̀ pẹ́ láyé. Ní 1842 ni Josef Groll, ará Bavaria, pọn bíà kan tí ó mọ́ bíi wúrà ní ìlú Plzeň, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Inú òtútù ni irú bíà bẹ́ẹ̀ ti ń kan, wọn a sì fi í pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Láti inú ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó túmọ̀ sí ìfipamọ́ ni orúkọ rẹ̀, lager, ti jáde. Ní 1949 ni Star, tí ó jẹ́ irú rẹ̀, kọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú ní Èkó. Guinness dúdú, tí wọ́n kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962, wá láti ẹ̀ka mìíràn, èyí tí ìwúkàrà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Ale ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà ní ẹ̀ka yìí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ohun ìní wọn. Nígbà tí ale àtijọ́, tí ó ń parí kíkan nínú àgbá ní ilé ọtí, fẹ́ parẹ́, ọkùnrin mẹ́rin dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ ní 1971 láti gbà á là. Ní 1977, Michael Jackson, akọ̀ròyìn ni, kì í ṣe olórin, tẹ ìwé The World Guide to Beer jáde, ó sì to bíà ayé ní oríṣi-oríṣi pẹ̀lú orúkọ wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ ohun tí wọn yóò béèrè. Ohun tí kò ní orúkọ, ta ni yóò wá a?

Àwa ní orúkọ tiwa, ṣùgbọ́n a ń jẹ́ kí ó bọ́ sọnù. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé: ohun mímu kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní chequeté títí di òní. Nílé wa ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà bálì tí a ti mú hù wọlé ní 1988, àwọn ilé ìpọntí ńlá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ọkà tí àwọn ìyá ọlọ́tí wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́. Kò sí ẹni tí ó ki àwọn ìyá náà kú iṣẹ́.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mu àmupara. Ohun tí mo ń wí ni pé kí àwa tí a ń kọ́ nípa èdè lọ bá àwọn ìyá ọlọ́tí tí ó kù, kí a kọ orúkọ ọtí wọn, ohun èlò wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọn ọ́n sílẹ̀, kí wọ́n tó lọ. Ohun a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità náání èèpo igi.