Ẹ̀tọ́ ẹbí wa tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà: ohun tí ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ lè ṣe

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ìbéèrè kan kì í wọ́n lọ́dọ̀ wa: ṣé ìjọba ń san owó fún ẹni tí àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́? Àwọn tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù ló sábà máa ń béèrè, torí wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, kò sí irú owó oṣooṣù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn wà, ìwé dókítà sì ni gbogbo wọn dúró lé.

Òfin àpapọ̀ lórí àwọn akanda ẹ̀dá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ka àìlera ọpọlọ tó pẹ́ lára mọ́ àwọn tó kàn. Ó ní ẹni tó ní i lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Dókítà á kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀rí onígbà díẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju 180 ọjọ́ lọ. Bí àìlera náà bá kọjá bẹ́ẹ̀, á kọ èyí tó máa wà títí, àjọ NCPWD ni yóò sì fọwọ́ sí i. Ká sòótọ́, ẹ lè dé ibi tí wọ́n ti ń gba owó kẹ́ ẹ rí i pé òfin náà kò tíì débẹ̀. Ẹ má bá akọ̀wé jà. Ẹ béèrè àwọn òṣìṣẹ́ social welfare ilé ìwòsàn náà.

Fún ọmọdé àti ọ̀dọ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì níbí. Àgbàlagbà á lọ sí Yábàá fúnra rẹ̀. Tí ìwé dókítà bá ti wà lọ́wọ́, ẹ mú un pẹ̀lú NIN àti fọ́tò lọ sọ́dọ̀ LASODA, àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 dá sílẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá, kí wọ́n forúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ẹ béèrè nípa Ìlera Èkó náà, torí òfin rẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lágbára láti san.

Ọ̀dọ̀ dókítà gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń pàdánù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n á wẹ̀ fún aláìsàn, wọ́n á wọ aṣọ tuntun fún un, wọ́n á kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ó débẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn dáadáa, dókítà sì kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ta ló sọ fún un pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ ra ìwé kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí kò lo oògùn, òru tó jáde tẹ́ ẹ wá a dé Máfolúkù, iye ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró ní wọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ohun tí kò lè dá ṣe pẹ̀lú: ṣé ó lè dá wẹ̀, dá dáná, dá wọ dáńfó, ka ṣéńjì? Orúkọ àìsàn nìkan kò tó. Ẹ má sì fi irọ́ kún un o, ẹ̀rí jíjẹ́ ni.

Àwọn kan ní gíbà ni kéèyàn máa sọ àìsàn ẹbí rẹ̀ síta. Rárá. Àwọn onímọ̀ gbà á láàyè láti sọ ọ́ fún ẹni tó lè ṣèrànwọ́, ní ìwọ̀n tí ọ̀rọ̀ bá béèrè. Rúkíyà náà kò dí oògùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn, irú èyí tí àjọ Human Rights Watch tú àṣírí rẹ̀ ní 2019, tí àwọn ilé Mùsùlùmí sì wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé ẹbí yín lọ. Yàtọ̀ sí ìyà, wọn kò lè fún yín ní ìwé kankan tí ìjọba á gbà.

Bó bá jẹ́ pé aláìsàn ti ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n sì ń yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, òfin 2014 gbà á láàyè kó fọwọ́ kan owó náà kó tó dàgbà, tí dókítà bá jẹ́rìí pé ọpọlọ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ náà mọ́. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà. Ẹni tó bá gbà á fún un, wálì ni, kì í ṣe olówó: Súrà An-Nisáà, áyà 5, pa á láṣẹ pé inú owó irú wọn ni kí a ti máa bọ́ wọn, kí a ti máa wọ̀ wọ́n láṣọ, kí a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.