Irúgbìn Efínrín Wẹ́wẹ́ ní Ìlú Genoa

Efínrín wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ocimum basilicum, jẹ́ ọmọ ìyá efínrín ńlá tí àwọn Yorùbá fi ń se ọbẹ̀ tí wọ́n sì fi ń wo inú rírun, ẹnì kan náà ló sì sọ àwọn méjèèjì ní orúkọ ìwé tí wọ́n ń jẹ́ títí dòní, ìyẹn Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ní ọdún 1753. Ilẹ̀ olóoru ni orírun rẹ̀; bí yìnyín bá bọ́ sórí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan péré, ewé rẹ̀ á dúdú, á sì kú. Síbẹ̀, etíkun Liguria ní àríwá Ítálì ni ewé yìí ti di ohun tí a fi ń dá ìlú kan mọ̀, irúgbìn tí àwọn olóko ibẹ̀ ń tọ́jú láti ọdún dé ọdún ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tó ti dé ilẹ̀ náà. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní, ṣàkọsílẹ̀ pé àwọn kan gbà pé kí ẹni tó ń gbìn ín máa ṣépè sí i kó lè hù dáadáa. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Giovanni Boccaccio kọ ìtàn ọmọbìnrin kan ní Messina sínú ìwé Decameron, ẹni tó fi orí olólùfẹ́ rẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa pamọ́ sínú ìkòkò efínrín.

Ní Genoa, àwọn òkè Apennines ló ń dí afẹ́fẹ́ tútù lọ́nà, òkun sì ń dín ọ̀gìnnìtìn kù, ìdí nìyí tí àwọn olóko Prà, ìlú etíkun tí a dà pọ̀ mọ́ Genoa ní ọdún 1926, fi lè gbìn ín sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn àti sínú ilé onígíláàsì. Ewé yìí ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ aáyù, iyọ̀, wàràkàsì, èso igi páìnì àti òróró ólífì nínú odó òkúta mábù láti fi ṣe pesto. Nínú ìwé ìdáná La Cuciniera Genovese tí Giovanni Battista Ratto tẹ̀ jáde ní ọdún 1863, wàràkàsì láti ilẹ̀ Họ́láǹdì wà lára èròjà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ìlú èbúté. Ìwé náà sì yọ̀ǹda ewé mìíràn bí efínrín bá wọ́n, èyí tó fi hàn pé ìgbà kan wà tí kì í sí lọ́jà.

Iṣẹ́ irúgbìn kì í hàn nínú ìwé ìdáná. Òdòdó efínrín wẹ́wẹ́ kéré púpọ̀, akọ àti abo sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn ló ń gbé ìyẹ̀fun akọ láti ara òdòdó kan dé òmíràn láìsí pé èèyàn dá sí i, bí olóko bá sì gbin oríṣi kan jìnnà sí òmíràn, ọmọ á jọ ìyá, a ó sì lè máa gbìn ín léraléra. Àwọn òdòdó náà tò lé ara wọn lórí ọ̀pá kan. Ti ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbẹ nígbà tí ti òkè ṣì funfun, nítorí náà olóko gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò gé e, kí ó tó sá a, kí ó fọwọ́ ra á, kí ó sì fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù. Èèpo òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í ní ju hóró dúdú mẹ́rin lọ, bí omi bá sì kan hóró náà, á wú, á máa yọ̀ bí ilá. Ṣùgbọ́n kí òdòdó tó tú rárá ni iṣẹ́ tó le jù ti wáyé: fífa èyí tó ń rùn bí míǹtì àti èyí tó ń kánjú yọ òdòdó tu, kí ó má baà ran àwọn yòókù. Nígbà tí Àjọ Ìparapọ̀ Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ Basilico Genovese ní ọdún 2005, ó ní kí irúgbìn rẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀, kí ewé rẹ̀ má sì ní òórùn míǹtì rárá. Làálàá àwọn olóko tí ìwé kankan kò dárúkọ ni òfin náà sọ di òṣùwọ̀n.

Àìsàn kan sì ti dé nígbà náà. Peronospora belbahrii, tó ń sọ ojú ewé di pupa rúsúrúsú tó sì ń fi eléérú sí abẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ti rí ní Uganda ní àwọn ọdún 1930. Ó dé Switzerland ní 2001, Ítálì ní 2003, Florida ní 2007. Irúgbìn gan-an lè gbé e kiri, àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo oògùn oníkẹ́míkà ló sì jẹ níyà jù. Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà gbé oríṣi tó lè dojú kọ ọ́ jáde ní 2018, ìrànlọ́wọ́ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwádìí kò lè rí oríṣi tuntun bí kò bá sí èyí tí àwọn àgbẹ̀ ti tọ́jú ní onírúurú.

Ọdún 1991 ni Yúróòpù ṣe òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlókẹ́míkà. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni òfin tuntun tó gba títà irúgbìn tí kò rí bákan náà délẹ̀ láàyè fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì yẹ kí ó ti dé tipẹ́tipẹ́.