Ìgò Jíìnì, Ẹmu Ọ̀pẹ: Ìtàn Ìgò Àlòkù ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọtí ní ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba amúnisìn kò ní í wá ìwé tì. Àkọsílẹ̀ owó ibodè wà, ẹ̀hónú àwọn bíṣọ́ọ̀bù wà, ìròyìn ìgbìmọ̀ aṣèwádìí pẹ̀lú wà. Ṣùgbọ́n ọtí inú ìgò ni gbogbo wọn ń tọpa. Bí ọtí bá ti tán, ọ̀rọ̀ wọn tán. Ìgò kì í bá ọtí rẹ̀ kú. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìgò òfìfo láti ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò dé ìdí ọ̀pẹ yóò rí ohun tí ìwé ibodè kò sọ: pé kì í ṣe àìní nìkan ló mú kí àwọn ẹlẹ́mu gba ìgò òyìnbó. Ìmọ̀ tí wọ́n ti ní nípa ẹmu ni wọ́n fi sọ ọ́ di tiwọn.

Kí ìgò tó dé, agbè àti akèrègbè ni ilé ẹmu. Ẹmu kì í sinmi. Bí omi ọ̀pẹ ti ń kán sílẹ̀ ló dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara agbè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ṣúgà inú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Láàárín ọjọ́ kan, ẹmu ti le. Lẹ́yìn náà, kíkan ló kù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú agbè àná a máa ta ẹmu tòní jí. Nítorí náà, agbè kì í ṣe ohun ìgbẹ́mu lásán. Ó wà lára ohun tó ń ṣe ẹmu.

Ìgò tó wá bá agbè níbẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jíìnì láti Schiedam àti Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́láńdì, àti ọtí líle láti Hamburg ní Jámánì, ń gba èbúté Èkó wọlé. Ìgò onígun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń rọ jíìnì sí, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, kí méjìlá lè jókòó pẹ́kípẹ́kí nínú àpótí onípákó kan. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, owó ibodè orí ọtí di ọ̀kan nínú òpó tó gbé àpò ìjọba ró. Ọtí yìí náà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 pààlà sí ibi tí ọtí líle lè dé. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell gbóhùn sókè pé ọtí ń ba ènìyàn jẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí ní Gúúsù Nàìjíríà ní ọdún 1909 kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1919, àdéhùn Saint-Germain-en-Laye fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà fún òwò.

Ní gbogbo àkókò àríyànjiyàn yìí, ìgò òfìfo ń pọ̀ sí i nílé àti lọ́jà. Àwọn Yorùbá ní, bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Wọn kò sì pe ìgò ní pàǹtírí. Ní Bídà, láàárín àwọn Nupe tó múlé gbè wọ́n, àwọn alágbẹ̀dẹ dígí a máa yọ́ ìgò òyìnbó láti fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgò wọ ilé gẹ́gẹ́ bí ohun ìpamọ́ fún epo, àgbo, ẹ̀pà àti ẹmu.

Ṣùgbọ́n ìgò kì í ṣe agbè. Bí a bá fọ̀ ọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá omi lọ. Bí a bá sì dé e pinpin, afẹ́fẹ́ inú ẹmu kò ní ọ̀nà àbájáde, ìgò lè bẹ́ lójijì. Ìdí nìyí tí agbè fi dúró sórí ọ̀pẹ, tí ìgò sì di ohun ìgbélọ àti ohun ìtajà. Ẹlẹ́mu kì í rọ ẹmu kún un dé ẹnu. Ewé tàbí okùn ọ̀pẹ tí kò le jù ló fi ń dí i, tàbí kó dá ihò sí ìdérí, kí ìfófòó lè rí ibi gbà. Ìdérí tó dàbí ohun tí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú yìí, ẹ̀kọ́ nípa ẹmu ló wà nínú rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1930, bí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, ìpọntí ògógóró láti inú ẹmu àti ògùrọ̀ gbilẹ̀. Ìjọba pè é ní ọtí tí òfin kò gbà. Níhìn-ín ni ìgò àlòkù ti di ọ̀rọ̀ ńlá: jíìnì òyìnbó mọ́ gaara, ògógóró náà mọ́ gaara, ìgò kan náà sì lè gba méjèèjì. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìgò kò jẹ́rìí ohun inú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó tà á ló ń jẹ́rìí. Nígbà tí ilé ìpọntí Nigerian Brewery pọn bíà Star àkọ́kọ́ ní Èkó ní ọdún 1949, ìgò bíà dara pọ̀ mọ́ ti jíìnì, ó sì di òṣùwọ̀n ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì àti ti ọ̀pẹ nítòsí Benin fi iná pa ìwúkàrà inú ẹmu, kí wọ́n lè dé e pinpin sínú ìgò láìbẹ̀rù. Ọgbọ́n tuntun ni, ṣùgbọ́n ìṣòro tí ewé ẹlẹ́mu ti ń yanjú ló dojú kọ.

Ẹ̀rí ẹnu olùtà yìí ní ààlà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ọtí ìbílẹ̀ tí mẹ́tánọ̀ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn púpọ̀. Kí àyẹ̀wò tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àrùn àràmàǹdà ni wọ́n ń pè é. Ìgò kọ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí ọtí ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alágbàtà kó tó dé ẹnu ẹni tó mu ún, ẹ̀rí olùtà kò ní ẹsẹ̀ tó lè dúró lé, ìgò náà kò sì lè sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìgò onígun mẹ́rin tí a kọ “ọjà òkèèrè” sí lára ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìdajì ìtàn rẹ̀ ni a kọ. Họ́láńdì tàbí Jámánì ni wọ́n ti mọ ọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọtí tó gbé wá lè tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹmu, epo àti àgbo tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ dárúkọ àwọn náà.