Ohun Tí Ọdún Mẹ́fà ní Mọdákẹ́kẹ́ Fi Kọ́ Wa

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ mìíràn fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń ṣe níbi gbogbo.

Wọn kò kàn pàṣẹ lásán. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wéra, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé e. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní 2022 kò tíì jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Èmi tí mo ń múra WAEC sílẹ̀ báyìí, mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì kí ìlànà náà tó jáde. Ta ni wọ́n wá fi dán an wò?

Ní Ìlúpéjú níbí, èdè Èkìtì là ń sọ nílé. Mo há "evaporation" sórí fún ìdánwò, ó sì pẹ́ kó tó yé mi pé òun ló ń gbẹ omi ara iṣu tí màmá mi ń sá fún èlùbọ́. Mi ò tíì rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan tí a fi Yorùbá kọ nínú kíláàsì rí.

Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú wa. Kí àwọn olórí rẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, kí wọ́n kọ ìwé, kí wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì fún un ní ọdún mẹ́fà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí Yorùbá bá kùnà lẹ́yìn náà, a ó gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò bí Fáfúnwá ti ṣe.