Omi Dànù, Agbè Kò Fọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ ti kọ ìwé rí? N kò sọ lẹ́tà o. Ìwé gan-an ni mò ń wí, èyí tí èèyàn ń jí kọ lóru nígbà tí ará ilé ń sùn. Èmi kọ ọ̀kan, ìwé ìtàn ìlú wa fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Ní 1981, mo dì í lókùn, mo gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé kan. Oṣù mọ́kànlá kọjá, mo padà lọ bèèrè. Akọ̀wé ibẹ̀ wojú mi, ó ní, "Tíṣà, ìwé wo?"

Mo délé, oúnjẹ kò lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni wá bá mi. Ó ní, "Ìwé Johnson tó wà lórí tábìlì rẹ yẹn, ṣé o ti ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀?" Ojú tì mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi ìwé náà kọ́ni, n kò ka ibẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun tó ṣe mí ti ṣe ẹni tó jù mí lọ. Sàró ni wọ́n ti bí Àlùfáà Samuel Johnson ní 1846. Ó wà lára àwọn tó sáré sókè sódò kí àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì tó wáyé ní 1886. Ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Róòmù àti ti ìlú Òyìnbó, wọn kò mọ ti baba wọn. Ló bá ń gbọ́ tẹnu àwọn arókin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà mìíràn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀yọ́ ló wà nígbà tó parí rẹ̀ ní 1897.

Ní 1899, wọ́n ti ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì kan fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tó jẹ́ dókítà, dé ọ̀hún ní 1900, ó lọ bèèrè. Atẹ̀wé ní ìwé ti sọnù, òun kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n òun ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, èló ni? Èló ni wọ́n ń ta ẹnu arókin tó ti kú? Ní 1901, Samuel jáde láyé. Kò fojú kan ìwé rẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn bébà tó ṣẹ́kù nílé, àwọn àkọsílẹ̀ àti àwọn èyí tó kọ́kọ́ kọ ṣákálá. Dókítà náà jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù iṣẹ́ náà ba òun, ọdún púpọ̀ kọjá kó tó dáwọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni kí làálàá ẹ̀gbọ́n òun ṣègbé. Ó jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Ní oṣù kìíní 1916, ọkọ̀ Appam ń gbé e lọ sí ìlú Òyìnbó. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé tó dé ọwọ́ atẹ̀wé, bébà sì ti wọ́n. 1921 ni *The History of the Yorubas* tó jáde, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí Samuel ti parí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Omi ti dànù. Agbè ńkọ́?" Mo fa àpótí abẹ́ ibùsùn yọ. Ìwé nóòtù méje ló wà níbẹ̀, eku ti jẹ ọ̀kan. Ọdún méjì ni mo fi tún un kọ. N kò gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ní kí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ládùúgbò wa tẹ 500 fún mi, èmi fúnra mi sì ń fi alùpùpù gbé e kiri ilé-ẹ̀kọ́. Gbèsè rẹ̀ pẹ́ lọ́rùn mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kà á.

Orí kẹta nìkan ló kúrú. Òun ni eku jẹ, àgbà tó sọ ìtàn rẹ̀ fún mi sì ti kú. Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé lónìí, tí ẹ ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde nílé yín.